Ọmọ ni wá ni, àbí ìránṣẹ́? Àlàyé fún onígbàgbọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ń rú lójú

Nínú ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo ní Àgbádárìgì, ẹ lè gbọ́ àdúrà méjì tí wọn kò jọra rárá. Ìyá àgbà kan á kúnlẹ̀, á ní, "Olúwa, èmi ìránṣẹ́bìnrin rẹ tí kò yẹ ni mo wá síwájú rẹ." Kí ó tó dìde, ọ̀dọ́kùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ti gbé ohùn sókè: "Baba mi, ọmọ rẹ ni mí, mo wá gba ogún mi!" Bíbélì kan náà ni àwọn méjèèjì ń kà, àwọn méjèèjì ló sì rí ẹsẹ tó gbè wọ́n lẹ́yìn. Ẹni tó jókòó sáàárín wọn ni ọkàn rẹ̀ máa ń pòrúurùu. Bí mo bá jẹ́ ọmọ, kí ló dé tí wọ́n fi ń ní kí n máa sìn? Bí mo bá sì jẹ́ ìránṣẹ́, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi pe Ọlọ́run ní Baba?

Mo máa ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, ìbéèrè yìí kì í sì í tán níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni ká pín in sí méjì: ká jẹ́ ọmọ nígbà tí a bá ń tọrọ nǹkan, ká di ìránṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá dé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí Bíbélì ṣe yé mi sí, ọmọ ni ipò wa, ìsìn sì ni iṣẹ́ wa, ipò náà ló sì ṣáájú iṣẹ́. Ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ fi iṣẹ́ ra ipò ni nǹkan máa ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgbà tó bá sì gba ipò tán tó kọ iṣẹ́, ó dàrú bákan náà, a ó dé orí èyí láìpẹ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wúwo ní Àgbádárìgì

Ní ìlú mìíràn, èèyàn lè ka "ẹrú" nínú Bíbélì kó sì kọjá lọ. Níbí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ àgbàlá tí wọ́n máa ń kó ẹrú sí rí, tó rí bí yàrá ibẹ̀ ti kéré tó, tó sì fọwọ́ kan ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń fi de ọmọ ènìyàn lọ́rùn, kò ní pe ọ̀rọ̀ náà lọ́rọ̀ eré mọ́. Ọjà Vlekete ni wọ́n ti ń tà wọ́n. Wọ́n á kó wọn sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rin orí iyanrìn títí dé etí òkun, níbi tí ọkọ̀ ti ń gbé wọn lọ tí wọn kì í padà. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà tí ìtàn ìlú sọ pé wọ́n máa ń fún wọn ní omi mu nídìí rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé.

Nítorí náà, bí arákùnrin kan bá dìde ní kíláàsì tó ní òun kò ní pe ara òun ní ẹrú ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run pàápàá wà lára ẹni tí òun ń sọ, mi ò kì í bá a jà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí. Pọ́ọ̀lù tó pe ara rẹ̀ ní ẹrú Kristi ló tún kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé a ti rà wọ́n ní iye kan, kí wọ́n má ṣe di ẹrú ènìyàn (1 Kọ́ríńtì 7:23). Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ń rà èèyàn fún. Ẹni tó ra èèyàn ní Vlekete fẹ́ tà á lérè ni, tàbí kó lò ó títí agbára rẹ̀ á fi tán. Owó ló ná, ó sì fẹ́ kí owó náà padà wọlé. Ní tiwa, ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Ọlọ́run ni wọ́n fi rà wá, ohun tí wọ́n sì rà wá fún wà nínú Gálátíà 4:5, pé kí a lè gba ìsọdọmọ. Ó rà wá kó lè fi wá ṣe ọmọ. Mi ò tíì gbọ́ ìtàn ẹlẹ́rú kan ní etí òkun yìí tó ra ẹnì kan torí bẹ́ẹ̀.

Etí òkun yìí kan náà ni ìyìnrere gbà wọlé. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ síbí, igi Agia sì ni gbogbo wa mọ̀ mọ́ ìwàásù àkọ́kọ́ yẹn. Kí ọdún náà tó parí, Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, dé. Lóṣù Kìíní ọdún 1845 ni Samuel Àjàyí Crowther náà wá gúnlẹ̀. Ọmọ Òṣoògùn ni, wọ́n kó o lẹ́rú lọ́dún 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó sì ti wà nínú ọkọ̀ àwọn ará Pọ́túgà kí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1822, tí wọ́n gbé e lọ sí Sàró (Sierra Leone). Ó ṣe ìrìbọmi lọ́dún 1825. Ó lé ní ọdún kan tó fi wà ní Àgbádárìgì nítorí pé ọ̀nà Abẹ́òkúta kò ṣeé gbà, kò sì jókòó lásán. Ọdún 1846 ló tó fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún tó ju 20 lọ tí wọ́n ti já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ fara balẹ̀ wo ọkùnrin yìí. Ẹni tí wọ́n ti de ẹ̀wọ̀n mọ́ lọ́rùn rí ló padà wá sí etíkun ibi tí wọ́n ti ń ta ẹrú, tó wá jẹ́ ìránṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò fi tipá mú un. Sísìn nítorí pé a ti di òmìnira kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú sísìn kí a lè di òmìnira. Èyí gan-an ni àwọn tó ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ nínú ìjọ kò tíì rí.

Ohun tí Pọ́ọ̀lù ní lọ́kàn

Àwọn tó ń gbé lábẹ́ ìjọba Róòmù ni Pọ́ọ̀lù kọ ìwé rẹ̀ sí. Nílé ọlọ́rọ̀ níbẹ̀, ẹrú lè mọ̀wé ju olówó rẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ òun ni wọ́n fi owó lé lọ́wọ́, òun náà ló lè máa sin ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kó máa bá a wí bó bá ṣìṣe. Síbẹ̀, bí baba bá kú, kì í ṣe òun ni yóò jogún. Ẹni tí wọ́n bá sọ dọmọ ńkọ́? Orúkọ baba náà á di tirẹ̀, ogún á sì tọ́ sí i bí ẹni tí wọ́n bí sínú ilé. Julius Caesar fi ìwé ìhágún rẹ̀ sọ Octavian, ọmọ ọmọ arábìnrin rẹ̀, dọmọ. Ọmọkùnrin náà ló di Augustus, ẹni tó wà lórí ìtẹ́ nígbà tí wọ́n bí Jésù ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Nígbà tí àwọn ará Róòmù wá gbọ́ pé àwọn "kò gba ẹ̀mí ẹrú láti máa bẹ̀rù mọ́," pé ẹ̀mí ìsọdọmọ ni àwọn gbà, èyí tí a fi ń ké pé "Ábà, Baba" (Róòmù 8:15), ó yé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbọ́ ìwé náà jẹ́ ẹrú nílé ẹlòmíràn.

Kò yẹ kí a fo Gálátíà 4:1 pẹ̀lú. Pọ́ọ̀lù ní níwọ̀n ìgbà tí àrólé bá ṣì jẹ́ èwe, kò yàtọ̀ sí ẹrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ni gbogbo nǹkan. Wọ́n ń rán an níṣẹ́, wọ́n ń sọ ìgbà tí yóò jí àti ìgbà tí yóò sùn. Èyí fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò lè ti ara iṣẹ́ nìkan mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ.

Kì í ṣe Májẹ̀mú Tuntun ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Ọlọ́run rán Mósè sí Fáráò, ohun tó ní kó sọ ni pé Ísírẹ́lì ni ọmọ òun, àkọ́bí òun, kí ó jẹ́ kí ọmọ òun lọ, kí ó lè máa sin òun (Ẹ́kísódù 4:22-23). Ẹ̀ẹ̀kan náà ni Ọlọ́run sọ méjèèjì. Wọ́n ń sin Fáráò tẹ́lẹ̀ nítorí pé ẹrú ni wọ́n. Wọ́n á wá máa sin Ọlọ́run nítorí pé ọmọ ni wọ́n. Ní Málákì 3:17, Olúwa ní òun yóò dá àwọn èèyàn òun sí bí ènìyàn ti í dá ọmọ rẹ̀ tó ń sìn ín sí. Bí ẹnì kan bá ní kí n fi ẹsẹ kan ṣoṣo dá òun lóhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí ni màá fún un.

Nídìí iná òróró àgbọn

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sí ilé tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ dáadáa. Ìyá kan ń ṣe òróró àgbọn tà. Láàárọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ọmọbìnrin tó gbà síṣẹ́ á jókòó ti òkìtì àgbọn. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á fi ọ̀bẹ yọ inú rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ lọ̀, wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá gbé e kalẹ̀ kí ọ̀rá rẹ̀ lè léfòó. Ọ̀rá yẹn ni wọ́n á bù sórí iná, tí wọ́n á máa rò títí òróró á fi yọ sókè, tí èyí tó wà nísàlẹ̀ á sì máa pọ́n bọ̀. Ibẹ̀ ni èèyàn kò gbọdọ̀ ti gbójú kúrò, torí bó bá jó pẹ́nrẹ́n, òróró á dúdú, á máa rùn, kò sì sí oníbàárà tó máa rà á ní ọjà Agbalata.

Ẹni tó bá wọlé lójijì kò ní mọ èwo ni ọmọ nínú àwọn méjèèjì. Èéfín ló wà lójú àwọn méjèèjì, ọwọ́ wọn sì ti ń bó. Àfi ọjọ́ tí òróró bá jó. Ẹni tí a gbà síṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: ṣé wọn ò ní yọ ọ́ nínú owó mi báyìí? Ṣé wọ́n á ṣì ní kí n wá lọ́la? Ó lè fẹ́ da ohun tó jó náà nù kí ìyá tó dé. Ọmọ ìyá náà á gbọ́ ìbáwí, ó tiẹ̀ lè gbọ́ ju ẹnì kejì lọ, ṣùgbọ́n kò ní sí lọ́kàn rẹ̀ pé òun á lọ wá ibòmíràn sùn lálẹ́ yẹn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹni tí a gbà síṣẹ́ á gba owó rẹ̀, á sì máa lọ. Kò ṣe ohun tó burú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí. Ọmọ kò ní na ọwọ́ fún owó, ó sì lè jẹ́ òun ni yóò ṣì wà nídìí iná náà tí yóò máa fọ ìkòkò, nítorí pé òwò ilé rẹ̀ ni.

Ẹ kíyè sí i pé ọmọ kò ṣiṣẹ́ kéré ju ẹni tí a gbà síṣẹ́ lọ. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tó ń rò nígbà tí iṣẹ́ bá bàjẹ́, àti ohun tó ń retí nígbà tí iṣẹ́ bá dára.

Ẹ̀gbọ́n ọmọ onínàákúnàá

Gbogbo èèyàn mọ àbúrò inú Lúùkù 15. Ó gba ogún, ó ná an tán, ebi lé e wá sílé. Kí ó tó gbéra, ó ti to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ: mo ti dẹ́ṣẹ̀, èmi kò yẹ ní ẹni tí à ń pè ní ọmọ rẹ mọ́, fi mí ṣe bí ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe rẹ. Ẹ ka ẹsẹ 19, kí ẹ wá ka ẹsẹ 21 tẹ̀lé e. Nígbà tó dé iwájú baba, ó sọ ti àkọ́kọ́, ó sọ ti èkejì, ọ̀rọ̀ alágbàṣe náà kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀. Baba ti já lu ọ̀rọ̀, ó ti ń pe àwọn ọmọ ọ̀dọ̀: ẹ mú aṣọ wá, ẹ fi òrùka sí i lọ́wọ́, ẹ wọ̀ ọ́ ní bàtà. Ipò alágbàṣe tó fẹ́ tọrọ, baba kò tilẹ̀ jẹ́ kó délẹ̀ débi tí wọ́n á fi jíròrò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ni mo fẹ́ ká dúró sí lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ́ díẹ̀, torí inú ìjọ ni irú rẹ̀ pọ̀ sí jù. Inú oko ni ó wà. Kò tíì kúrò nílé rí. Nígbà tí baba jáde wá bẹ̀ ẹ́, ẹ gbọ́ ohun tó sọ: láti ọdún mélòó wọ̀nyí ni mo ti ń sìn ọ́, èmi kò rú òfin rẹ rí, ìwọ kò sì fún mi ní ọmọ ewúrẹ́ kan kí n fi bá àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe àríyá. Ó ti ka ọdún iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti ka òfin tó pa mọ́. Ó ti ka ewúrẹ́ tí wọ́n jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ tí wọn kò san owó fún ló ń tẹnu ọmọ onílé jáde. Kò tilẹ̀ dárúkọ àbúrò rẹ̀, "ọmọ rẹ yìí" ló pè é lójú baba.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rí ni ẹsẹ 12, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé baba pín ohun ìní rẹ̀ fún wọn. Fún wọn, kì í ṣe fún àbúrò nìkan. Láti ọjọ́ náà ni ìpín ẹ̀gbọ́n ti wà nílẹ̀. Ewúrẹ́ tó ń sunkún lé lórí wà lára ẹran ọ̀sìn ilé tí ó ti di tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí baba fi dá a lóhùn pé, "Ọmọ, nígbà gbogbo ni ìwọ wà lọ́dọ̀ mi, ohun gbogbo tí mo ní, tìrẹ ni."

Ó máa ń dùn mí púpọ̀ bí mo bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí lẹ́nu ẹni tó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ sin Ọlọ́run. "Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi pákó kan ilé ìjọsìn yìí ni mo ti wà níbí, ẹni tó dé lánàá ni wọ́n wá ń gbé ga." "Mo ń gbààwẹ̀, mo ń dá ìdámẹ́wàá, kí ló wá dé tí ọmọ mi ò tíì rí iṣẹ́?" Mi ò sọ pé ẹkún náà kò tọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jìyà lóòótọ́, Ọlọ́run sì gbà kí ọmọ wá sunkún sí òun lẹ́sẹ̀; ìwé Sáàmù kún fún irú ẹkún bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sunkún sí baba rẹ̀ àti ẹni tó gbé ìwé gbèsè wá síwájú ọ̀gá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ bákan náà, èyí tó kẹ́yìn yìí ló sì máa ń sọ èèyàn di òǹrorò sí arákùnrin rẹ̀.

Ọmọ tó dìde nídìí oúnjẹ

Bí a bá fẹ́ rí ọmọ àti ìránṣẹ́ lára ẹnì kan ṣoṣo, Jòhánù 13 ló yẹ ká ṣí. Ẹsẹ 3 ni ọ̀pọ̀ ìwàásù ń fò. Jòhánù kọ ọ́ pé Jésù mọ̀ pé Baba ti fi ohun gbogbo lé òun lọ́wọ́, àti pé lọ́dọ̀ Ọlọ́run ni òun ti wá, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni òun sì ń lọ. Lẹ́yìn èyí ni ó dìde nídìí oúnjẹ, tó bọ́ agbádá sílẹ̀, tó mú aṣọ ìnura, tó dì í mọ́ ìdí, tó bu omi sínú ọpọ́n, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó kéré jù nínú ilé ni wíwẹ ẹsẹ̀ nígbà náà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ṣe é nínú àwọn 12 náà. Ó dá mi lójú pé ẹni tí kò mọ ipò ara rẹ̀ kò lè ṣe é láìbínú. Yóò máa wo ojú ẹni tó ń wẹ ẹsẹ̀ fún, bóyá wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Jésù kò ní ohunkóhun láti gbà padà lọ́wọ́ wọn. Ó wẹ ẹsẹ̀ Júdásì pàápàá.

Ẹ tún wo ìrìbọmi rẹ̀. Kí ó tó wo aláìsàn kan sàn, kí ó tó wàásù lórí òkè, ni ohùn ti wá láti ọ̀run pé ọmọ òun tí inú òun dùn sí gidigidi nìyí (Mátíù 3:17). Kò tíì ṣe iṣẹ́ ìyanu kan nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà míì, ẹnì kan á gbé Lúùkù 17:10 dìde, pé Jésù fúnra rẹ̀ ló ní ká máa sọ pé aláìlérè ìránṣẹ́ ni wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sọ ọ́. Ìgbéraga ló ń fi pa, kí ẹni tó ti ṣe ohun tó yẹ má bàa rò pé Ọlọ́run jẹ òun ní gbèsè. Ní Lúùkù 12:37, Jésù kan náà sọ pé olúwa náà, nígbà tó bá dé, yóò di ara rẹ̀ ní àmùrè, yóò mú àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ jókòó, yóò sì máa ṣe ìránṣẹ́ fún wọn. Ẹni tí kò bá retí owó iṣẹ́ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè yà lẹ́nu.

Ẹni tó gba ipò tó kọ iṣẹ́

Ní òdìkejì ni àwọn tí wọ́n ti kọ́ pé ọmọ ọba ni àwọn, pé ọmọ ọba kì í gbálẹ̀, kì í jìyà, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí àwọn òbí wa ṣe tọ́ wa kò fara mọ́ èyí rárá. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ náà lè rí bí ti ẹrú: fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìjọ, gbígbé àga, jíjókòó ti arúgbó tí kò mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Ọmọ ló máa fi ọpọlọ àti ìfẹ́ ọmọ ṣe é. Irú èyí ni Pọ́ọ̀lù sọ nípa Tímótì, pé gẹ́gẹ́ bí ọmọ lọ́dọ̀ baba ni ó ti bá òun sìn nínú ìyìnrere (Fílípì 2:22). Ìwé Hébérù sì là á mọ́lẹ̀ pé ọmọ ni Olúwa ń bá wí, pé ẹni tí a kò bá wí rárá, àlè ni, kì í ṣe ọmọ (Hébérù 12:6-8).

Àwọn aṣáájú ìjọ ló yẹ kí n bá sọ̀rọ̀ níbí pẹ̀lú. "Ìránṣẹ́ Ọlọ́run" ti di oyè tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba èèyàn níbi púpọ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n máa wá fọ mọ́tò òun, kí wọ́n máa ti ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́jọ́ ọjà, kó sì fi ègún sí i bí wọ́n bá kọ̀, ẹrú ènìyàn ló ń fẹ́ sọ àwọn ọmọ Ọlọ́run dà, ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ̀ nìyẹn. Jésù sọ pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ẹni ńlá láàárín yín, kí ó máa ṣe ìránṣẹ́ yín (Mátíù 20:26). Ìránṣẹ́ yín, ó wí. Àwọn ìjọ ni à ń sìn, kì í ṣe àwọn ni yóò máa sin wa.

Bí èèyàn ṣe lè mọ ibi tó wà

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀. Ìránṣẹ́ tó rì tálẹ́ńtì mọ́lẹ̀ nínú Mátíù 25 sọ ìdí rẹ̀ gbangba: ẹ̀rù bà á, ó mọ ọ̀gá rẹ̀ ní òǹrorò. Bí ẹ bá ṣẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ fẹ́ sá fún àdúrà títí ẹ ó fi ṣe iṣẹ́ rere díẹ̀ dípò rẹ̀, ọkàn alágbàṣe nìyẹn. Ọmọ ń lọ bá baba rẹ̀ tòun ti aṣọ ìdọ̀tí lọ́rùn. Ẹ tún wo bí ara yín ṣe rí nígbà tí wọ́n bá yin ẹlòmíràn fún iṣẹ́ tí ẹ̀yin náà ṣe. Bó bá dùn yín díẹ̀, èèyàn ni yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín ẹni tí ẹ ń ṣe é fún.

Àdúrà tí Olúwa kọ́ wa náà ń ṣe ìrànwọ́, bí a bá gbà á díẹ̀díẹ̀. "Baba wa" ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀ títí ọkàn yín á fi gbà á gbọ́, kí ẹ tó wá dé "ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe." Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù Ọlọ́run tó ń lé wọn sá tó sọ̀ kalẹ̀.

Ìbéèrè kan kù tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ máa ń bi mí ní kọ̀rọ̀: bó bá ti rẹ̀ mí, ṣé mo lè sinmi? Akọrin ni, tàbí ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tàbí ìyá tó ń se oúnjẹ fún gbogbo àjọ̀dún, tí ara rẹ̀ kò sì gbé e mọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá dúró, nǹkan burúkú á ṣẹlẹ̀ sí òun. Ẹ lè sinmi. Ẹ sọ fún olórí ẹgbẹ́ yín, kí ẹ fi iṣẹ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ bó ṣe yẹ kí ẹnikẹ́ni má bàa há sí i, kí ẹ sì wá sí ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e láìwọ aṣọ ẹgbẹ́ kankan. Ẹ jókòó láàárín àwọn ará yòókù, kí ẹ kọrin, kí ẹ gbọ́ ìwàásù, kí ẹ gba oúnjẹ Olúwa bó bá jẹ́ ọjọ́ rẹ̀. Bó bá ṣòro fún yín láti jókòó bẹ́ẹ̀ láìṣe nǹkan kan, bí ẹ bá ń rò pé ẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀ bí ọwọ́ yín bá ṣófo, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ bá Baba sọ lọ́jọ́ náà.